Níbo Ni Ọ́ìlì Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Ojú Omi Ti Ń Jò?

Ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi kan láti Ìjẹ̀bú Òde bá àwọn awakọ̀, àwọn apẹja àti àwọn ọlọ́kọ̀ etí ọ̀sà sọ

  Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ń dààmú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín, èyíinì ni ọ́ìlì tí ń jò lára ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìjẹ̀bú Òde kò sí létí omi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ omi kò kan òun. Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ni èbúté tí àwọn baba wa fi ń bá Èkó ṣòwò kí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ tó là. Láti Ẹ̀pẹ́ náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gòkè wá ní ọdún 1892, nígbà tí wọ́n bá wa jà ní Ìmàgbọn. Lónìí Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n etí omi Ìjẹ̀bú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kò kúrò níbi tí ó wà. Ìwópin ń bẹ níbẹ̀, Àbígí ń bẹ níbẹ̀, Makun Omi àti Òde Omi ń bẹ níbẹ̀. Ẹja ń ti ibẹ̀ wá sí ọjà wa, àwọn abúlé kan sì wà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ omi ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ọjà, lọ sí ilé ẹ̀kọ́, lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ayé àtijọ́, àjẹ̀, ọ̀pá ìtukọ̀ àti ìgbòkun ni a fi ń rìn lórí omi. Ní ọdún 1909 ni ọkùnrin kan tí a bí ní Norway, Ole Evinrude, bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, ní ìlú Milwaukee ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Yamaha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń rí lórí ọ̀sà wa lónìí, ọmọ-ọmọ ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n. Ẹ̀rọ ti mú ìrìn àjò yá, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàrin ẹ̀rọ àti ẹni tí ń wa àjẹ̀. Bí ó bá rẹ alájẹ̀, yóò sọ. Bí ọ́ìlì bá tán nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀. Àárín ọ̀sà ni yóò kú sí, bóyá ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, tí ọmọ wẹ́wẹ́ àti arúgbó sì wà nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ń jò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni pẹ̀lú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ rere ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti gbọ́ nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọkùnrin kan ní ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ó sì fi í lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ láti máa wà á. Ní ọdún kan, ọkọ̀ náà jókòó sí èbúté fún oṣù mẹ́ta nígbà òjò. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí dín. Bí wọ́n bá rọ ọ́ìlì kún un ní ọjọ́ Ajé, kí ó tó di Ọjọ́rú yóò ti lọ sílẹ̀, ọ́ìlì dúdú yóò sì máa léfòó lórí omi tí ó wà ní ìdí ọkọ̀. Wọ́n pe mẹkáníìkì kan, ó ní síìlì ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ó jẹ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sókè, wọ́n pààrọ̀ síìlì. Ọ́ìlì tún jò. Wọ́n pe ẹlòmíràn, òun náà pààrọ̀ síìlì kan náà. Ọ́ìlì tún jò. Nígbà tí owó ti tán lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tí inú sì ń bí i, ó sọ pé awakọ̀ òun ni ó ń fa ọ́ìlì tà, tí ó sì ń da díẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ láti fi bo olè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n ní kí ọmọ náà san owó ọ́ìlì, kí ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó búra títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ, kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn náà sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ohun tí àwọn mẹkáníìkì méjèèjì náà gbàgbé. Gbogbo wa ni a ti sùn sí abẹ́ òrùlé tí ń jò rí. Bí òjò bá ń kán sí orí ẹní yín, ṣé ọ̀gangan orí ẹní náà ni páánù ti lu? Rárá o. Omi lè gba ẹnu ògiri wọlé, kí ó tọ igi àjà lọ, kí ó rìn títí dé àárín yàrá, kí ó tó kán sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dí ọ̀gangan ibi tí omi ti ń kán yóò dí i títí, ẹní rẹ̀ yóò sì máa tutù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ́ìlì rí lára ẹ̀rọ. Láti òkè ni í ti í ṣàn wá sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ohun tí ń yí lára ẹ̀rọ a sì máa fọ́n ọn lọ sí ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni gbogbo ọ́ìlì tí ó bá jò ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti rí ọ́ìlì kọ́ ni ibi tí ó ti jò. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má ṣe gbàgbé èyí.

Ọ̀nà wo wá ni a lè gbà mọ ojú ibi tí ó ti ń jò ní tòótọ́? Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ máa tọ̀, kí ẹ tó fi sípánà kan ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni pé kí ẹ mọ ohun tí ó ń jò. Kì í ṣe gbogbo ohun dúdú tí ń yọ̀ ni ọ́ìlì ẹ̀rọ. Ẹ fi aṣọ funfun tí ó mọ́ nu díẹ̀, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì a máa ṣàn bí omi, òórùn rẹ̀ kò sì fara sin. Ọ́ìlì ẹ̀rọ tí a ti lò a máa dúdú, a sì máa fà díẹ̀ láàrin ìka méjì. Gíà ọ́ìlì nípọn jù ú lọ, òórùn rẹ̀ sì máa ń gún imú bí òórùn imí ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹntiróòlù ni ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣá iná, kí a sì kó àwọn èrò kúrò nínú ọkọ̀, nítorí iná ni ó kù tí ẹ ń dúró dè yẹn, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì ni pé kí ẹ mọ bí ó ti ń dín tó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ̀rọ ti wà ní pípa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fa ọ̀pá géèjì yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tún tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ wá wò ó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ báyìí, ó dé ibi báyìí, a rọ ìwọ̀n báyìí kún un. Ìwé kékeré yìí a máa gba ènìyàn lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Bí ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ kì bá tí le tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni pé kí ẹ fọ ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ ṣe èyí, nítorí wọ́n rò pé ìmọ́tótó lásán ni. Ṣùgbọ́n lára ẹ̀rọ tí ó ti dọ̀tí, ọ́ìlì àná, ọ́ìlì ìjẹta àti ọ́ìlì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti dàpọ̀. Ta ni yóò mọ èyí tí ó jò lónìí? Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá ti tutù, ẹ má jẹ́ kí omi wọ ibi tí ó ti ń fa afẹ́fẹ́ àti ara wáyà rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì gbọ́n ìdí ọkọ̀ gbẹ. Ẹ da omi ọlọ́ọ̀ìlì náà sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sínú ọ̀sà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni pé kí ẹ lọ ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná, kí ẹ fi í wọ́n ara ẹ̀rọ níbi tí ẹ bá fura sí. Ẹ tẹ́ ìwé funfun tàbí páálí sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá tan ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná dáadáa, nítorí ọ́ìlì tútù a máa lọ́ra, èyí tí ó gbóná ni í rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe na ọwọ́ tàbí aṣọ sí ibi tí nǹkan ti ń yí. Ibi tí ó ga jù lọ tí ẹfun ti kọ́kọ́ di dúdú, ibẹ̀ ni ẹni tí ẹ ń wá wà. Bí ẹ kò bá rí i ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ lọ sí odò, ẹ bọ̀, kí ẹ tún wò ó. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ibi tí ọ́ìlì sábà máa ń gbà jáde. N ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì tí ó ń wà nínú ọkọ̀, irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ tí a fi ń wa yanrìn.

Láti òkè, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí orí ẹ̀rọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí iná ẹ̀rọ máa ń mú gan gẹ́gẹ́ bí awọ tí ó gbẹ. Bí ó bá jò, ọ́ìlì yóò ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀yìn, ènìyàn yóò sì máa pe síìlì ẹ̀yìn ní olè. Lẹ́yìn náà, ẹ wo asẹ́ ọ́ìlì. Nígbà tí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀, rọ́bà ti àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. Bí a bá wá de tuntun lé e lórí, rọ́bà méjì yóò wà níbi tí ó yẹ kí ẹyọ kan wà, ọ́ìlì yóò sì tú jáde níbẹ̀ lójijì. Ẹ wo àwọn páìpù kékeré tí ń gbé ọ́ìlì lọ sí ibi géèjì, nítorí gbígbọ̀n ẹ̀rọ a máa fọ́ wọn. Ẹ wo síìlì iwájú, lẹ́yìn ibi tí bẹ́líìtì wà. Ẹ wo agbada ọ́ìlì tí ó wà ní ìdí ẹ̀rọ àti bóòtù rẹ̀ tí a ń tú kí ọ́ìlì lè dà. Bí omi ọ̀sà bá ń dúró ní ìdí ọkọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ òkun bá wọ inú rẹ̀, yóò jẹ agbada náà títí yóò fi lu. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kí ẹ tó wo síìlì ẹ̀yìn, nítorí òun ni ó ṣòro jù láti pààrọ̀, òun ni ó sì ń ná owó jù.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ́ìlì ń dín ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kán kan lára ìwé funfun. Ẹ má ṣe torí èyí mú ẹnikẹ́ni ní olè. Bí èéfín ẹ̀rọ bá ń yọ bí aró tí a pò mọ́ eérú, ẹ̀rọ ń jó ọ́ìlì náà ni. Bí ọ́ìlì bá ń dán bí òṣùmàrè lórí omi ní ọ̀gangan ibi tí ẹ̀rọ ti ń tu omi jáde, ó ṣeé ṣe kí ohun èlò tí ń fi omi mú ọ́ìlì tutù ti lu nínú, kí ọ́ìlì sì máa bá omi lọ sí ọ̀sà. Bí ọ́ìlì bá sì funfun bí ògì nígbà tí ẹ fa ọ̀pá géèjì yọ, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ náà mọ́ títí a ó fi rí ibi tí omi gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni bí ọ́ìlì bá ń ga sí i dípò kí ó dín, kì í ṣe ìbùkún. Dísẹ́ẹ̀lì tàbí omi ni ó ń wọ inú rẹ̀, ọ́ìlì tí a bù lé kò sì lè dáàbò bo irin mọ́.

Mo wá fẹ́ padà sí orí ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí, èmi pàápàá wo ìdí ọkọ̀, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé síìlì ẹ̀yìn ni. Ohun tí ó yọ mí ni pé kò sí irú síìlì náà ní ọjà ní ọjọ́ yẹn, wọ́n ní yóò tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó dé. Kí n má baà jókòó lásán, mo fọ ẹ̀rọ náà, mo sì wọ́n ẹfun sí i. Nígbà tí a tàn án tí ó gbóná, mo rí ohun ìyanu. Ọ́ìlì ń yọ ní iwájú, ó ń yọ ní ẹ̀yìn, ó ń yọ lábẹ́ ìdérí òkè, ó tilẹ̀ ń yọ ní ẹnu ihò ọ̀pá géèjì. Mo bi ara mi léèrè pé, ṣé gbogbo síìlì àti gásíkẹ́ẹ̀tì lè jẹ lọ́jọ́ kan náà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ẹ̀rọ, nígbà tí iná bá ń jó lórí písítìnì, díẹ̀ nínú atẹ́gùn gbígbóná náà a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ mọ èyí, wọ́n sì fi páìpù kékeré kan sí i tí atẹ́gùn yìí yóò máa gbà jáde. Páìpù yìí ni imú ẹ̀rọ. Bí imú náà bá dí, atẹ́gùn yóò há sínú, yóò sì máa ti ọ́ìlì jáde gba gbogbo ibi tí ó bá rọ̀, bí ẹ̀kọ tí ń hó nínú ìkòkò tí a dé pa ti í gba ẹ̀gbẹ́ ọmọrí jáde. Mo tú páìpù náà. Kòkòrò tí ń fi amọ̀ kọ́lé ti kọ́ ilé rẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ jókòó fún oṣù mẹ́ta. Mo fi wáyà kan ro amọ̀ náà dànù, mo fọ páìpù, mo dá a padà. A lo ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ọ́ìlì kò kúrò lójú ibi tí ó wà lára ọ̀pá géèjì.

Amọ̀ tí kò tó ẹkù ọwọ́ ni ó ná ọlọ́kọ̀ ní owó síìlì méjì àti owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, òun náà ni ó sì fẹ́ sọ ọmọlọ́mọ di olè. Mo gbé amọ̀ náà lọ síwájú àwọn àgbà nínú ewé. Ọlọ́kọ̀ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo wọn, ọmọ náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ẹ̀rọ tí ọ́ìlì ń yọ ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, imú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ohun kejì tí mo ń wò ni bóyá wọ́n rọ ọ́ìlì jù, nítorí ọ́ìlì tí ó bá kọjá àmì òkè lára ọ̀pá géèjì lè mú kí ẹ̀rọ máa tú u jáde bákan náà.

Ó kan ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní agbada ọ́ìlì rárá. Inú bẹntiróòlù ni a ń po ọ́ìlì wọn mọ́. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò ní tuntun, ni bẹntiróòlù 50 sí ọ́ìlì 1. Èyí túmọ̀ sí pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 yóò gba ìdajì lítà ọ́ìlì. Ẹ wo ìwé tí ó bá ẹ̀rọ yín wá, kí ẹ sì tẹ̀lé e. Bí ẹ bá gbé irú ẹ̀rọ yìí sókè lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹ rí ẹ̀kán dúdú díẹ̀ ní ibi tí èéfín ń gbà jáde, ẹ má ṣe dààmú. Ọ́ìlì tí kò jóná tán ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ po ọ́ìlì jù, tàbí pé púlọ́ọ̀gì ti dọ̀tí.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilé gíà tí ó wà nínú omi, lẹ́yìn èyí tí abẹ tí ń yí omi wà. Ọ́ìlì tirẹ̀ wà nínú ilé náà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin apẹja, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí okùn àwọ̀n tàbí okùn ìwọ̀ bá wé mọ́ ìdí abẹ náà, yóò máa yí lọ, yóò máa fún mọ́ra, títí yóò fi gé síìlì tí ó wà níbẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ọ́ìlì yóò jáde, omi yóò wọlé, awakọ̀ kò sì ní mọ̀, nítorí abẹ́ omi ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbàkúgbà tí okùn bá wé mọ́ ọn, ẹ má ṣe gé èyí tí ojú rí nìkan kí ẹ sì máa lọ. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ tú abẹ náà kúrò, kí ẹ yọ gbogbo okùn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti wọ ilé gíà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró ní òró di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tàn án, ẹ gbé abọ́ funfun sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dẹ bóòtù ìsàlẹ̀ díẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bí ohun tí ó jáde bá funfun bí wàrà, omi àti ọ́ìlì ti pò pọ̀. Bí ẹ bá sì rí ègé irin wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, gíà ti ń jẹ ara rẹ̀, ẹ má ṣe gbé èrò pẹ̀lú ẹ̀rọ náà mọ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rọ ọ́ìlì tuntun, ẹ tú bóòtù òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọ́ìlì sí i láti ihò ìsàlẹ̀ títí yóò fi yọ ní ti òkè, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú. Ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, kí ẹ tó dé ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi wáṣà tuntun sí i. Wáṣà àtijọ́ tí ó ti pẹlẹbẹ ni ó ń fa ọ̀pọ̀ jíjò tí a ń di ẹrù rẹ̀ ru síìlì.

Ohun mìíràn tí ó ń pa síìlì ni ooru. Ní ọdún 1984 ni ewéko olódòdó àlùkò kan, tí ó ń léfòó bí òjúoró, gba ojú omi Bàdágírì wọ ilẹ̀ wa, kò sì tíì fi ọ̀sà wa sílẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ó bá dí ojú ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi, omi kò ní lè mú ẹ̀rọ tutù mọ́, síìlì yóò yan bí ẹran, yóò sì le. Bí ẹ bá rí i pé omi tí ẹ̀rọ ń tu jáde ní ẹ̀yìn ti dín, ẹ pa á, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ yọ ewé kúrò.

Kí n tó dákẹ́, mo ní ìkìlọ̀ mẹ́ta. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ, òwú tàbí gọ́ọ̀mù dí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, kí ẹ wá pè é ní àtúnṣe. Bí ẹ bá fẹ́ lo gọ́ọ̀mù tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi díẹ̀ sí i. Èyí tí ó bá pọ̀ jù yóò já wọ inú ẹ̀rọ, yóò dí ọ̀nà ọ́ìlì, ìgbà náà ni ikú ẹ̀rọ dé. Èkejì, ẹ má ṣe rò pé fífún bóòtù pa ni oògùn jíjò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bóòtù tí a fún jù a máa tẹ ìdérí, a máa fọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, jíjò tí ó kéré yóò sì di ńlá. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe da ọ́ìlì àlòkù sínú ọ̀sà. Díẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ́ sórí omi bí ẹní, a sì máa ṣe ẹja ní ibi. Ọ̀sà yìí ni oko yín. Ta ni í da májèlé sí oko ara rẹ̀?

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, mo bẹ̀ yín, bí ọ́ìlì bá dín, ẹ bi ẹ̀rọ léèrè kí ẹ tó bi awakọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ máa wo ọ̀pá géèjì ní òròòwúrọ̀ kí ẹ tó gbé èrò, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa fọ ẹ̀rọ kí a tó tú u, kí a sì máa wò ó láti òkè wá. Ìtìjú kọ́ ni láti sọ fún oníbàárà pé, “Mi ò tíì rí i, ẹ fún mi di ọ̀la.” Ìtìjú ni láti gba owó síìlì lọ́wọ́ ẹni tí imú ẹ̀rọ rẹ̀ dí.

Àlọ yín kò ní nà yín, àbọ̀ yín kò ní nà yín.